Ó-Kù-Díẹ̀ àti Mọ́tò Aláwọ̀ Ìyeyè

Ohun tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń rántí nípa Ó-Kù-Díẹ̀ ni ọjọ́ tó fi ìwé ìròyìn bo àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún mọ́ inú mọ́tò, tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó sì gba ilé lọ jẹun.

Kì í ṣe ìkà. Pẹ́ńtà mọ́tò ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń múra mọ́tò asáré àtijọ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀dà ìpìlẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń fi téèpù lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo ohun tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kàn: dígí, iná, táyà. Bàbá Rélùwéè tó ni mọ́tò náà ti wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó wọ inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìjókòó náà ṣì rántí ìdí òun. Ìjókòó náà rántí. Oorun sì gbé bàbá lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ dókítà eyín, wá a délé, kò bá a. Ó wá a dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá a dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó wá a dé etí odò. Nígbà tó di aago mẹ́ta, ó wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?" ọlọ́pàá bi í.

"Eyín mọ́kànlá ló kù lẹ́nu wọn. Èmi ni mo dí mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń mì nísàlẹ̀ lápá òsì."

"Mà, ojú wọn ni mò ń béèrè."

Dókítà eyín ronú títí. "Ojú wọn wà lókè ẹnu," ló fi dá a lóhùn.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Ó-Kù-Díẹ̀ ń ti ilé bọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Bó ṣe ṣí ilẹ̀kùn báyìí, ohùn kan jáde láti inú mọ́tò tí wọ́n ti dì bí ẹrù.

"Ta ló wà níta yẹn? Ẹ bá mi wá ojú ìwé kẹsàn-án!"

Inú dígí ni ojú àwọn ìwé ìròyìn náà kọ sí. Nígbà tí bàbá jí, tí kò rí ọ̀nà àbájáde, kò pariwo. Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó ka ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó ka ilẹ̀kùn òsì, ó yíjú ka dígí ẹ̀yìn. Orí dígí iwájú ló ti wá pàdé ẹjọ́ ọkùnrin kan tó pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí àkùkọ tó ń kọ ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́. Adájọ́ ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyókù wà ní ojú ìwé kẹsàn-án. Ojú ìwé kẹsàn-án sì wà lára iná iwájú, níta.

Nígbà tí wọ́n já téèpù, tí wọ́n fà á jáde, kò kí ẹnikẹ́ni. "Wákàtí méjì ni mo ti ń dúró de ìdájọ́! Ta ló jàre?"

Ó-Kù-Díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Bàbá, wọ́n dá àkùkọ láre."

"Bàbá mi lẹ tì mọ́nú mọ́tò!" ni dókítà eyín fi kígbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ ni pé ohunkóhun tí a ò bá ní í kùn, bíbò là ń bò ó. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wò ó bóyá ọ̀dà kan kàn wọ́n."

Ó yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀dà kankan kò kàn wọ́n, èyí sì tún mú kí inú bí i sí i.

Ọjọ́ yẹn ló fi ọkùnrin náà kún àwọn tí òun kò ní í dárí jì láyé. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú kò pọ̀: ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ kan, àti ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé kí wọ́n fi ṣúgà sínú ọṣẹ ìfọyín ọmọdé.

Àmọ́ ó yẹ ká mọ ohun tó gbé mọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ Ó-Kù-Díẹ̀. Bàbá Rélùwéè fi ọdún márùndínlógójì wa ọkọ̀ ojú irin. Fún ọdún márùndínlógójì, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ibi tí irin bá lọ ló ń lọ. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó fi ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì kan, aláwọ̀ ìyeyè, tó rẹlẹ̀ débi pé tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, ajá náà á máa rí orí òrùlé rẹ̀. Ó ní ohun tó lè yà lòun fẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yà ní gbogbo ìkóríta tó wà nílùú, ó sì lo wákàtí mẹ́rin kó tó dé ilé tó wà ní òpópónà kejì.

Ọdún gorí ọdún, mọ́tò wọ ẹ̀yìnkùlé, ó dógùn-ún. Bàbá náà wọ ilé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Oṣù mẹ́fà. Bóyá." Wọ́n bi bàbá léèrè ohun tó wù ú. Kò béèrè fún ẹbí, kò béèrè fún àdúrà.

"Mo fẹ́ jókòó sínú mọ́tò mi," ló wí, "kó wà ní àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ bí mo ṣe rà á, kí ọmọ mi wà mí yí ìlú ká. Kó sì yá! Ọkọ̀ mi kì í pẹ́ ní ibùdó."

Dókítà eyín jẹ́ ẹni tó máa ń ṣírò nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó láti kun mọ́tò. Oṣù mẹ́fà wà nílẹ̀. Àyè ṣẹ́ kù. Ó béèrè pẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ jù lọ, gbogbo èèyàn sì dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó bi wọ́n léèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kúkurú ni, eruku iṣẹ́ ti kún irun ojú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ewú ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò dé, ó fi aṣọ sílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ara mọ́tò láti imú dé ìdí. Ó ní ojú máa ń tan ènìyàn, àtẹ́lẹwọ́ kì í tan ẹnikẹ́ni. Ó lo ogójì ìṣẹ́jú.

"Bàbá, ẹ ti fi mọ́tò yìí kọ lu nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Bàbá Rélùwéè wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, Bàbá."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, igi ló wá kọ lù mí."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Igi yẹn náà ni. Ó di kùnrùngbùn sí mi."

Dókítà eyín bi pẹ́ńtà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí, tọkàntọkàn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó padà wá. "Ó kù díẹ̀," ni pẹ́ńtà wí. Oṣù kejì: "Ó kù díẹ̀." Oṣù kẹta: "Dókítà, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ó kù díẹ̀." Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé orúkọ tí àdúgbò ń pè é nìyẹn, àti pé ó ti ń jẹ́ ẹ kí wọ́n tó bí òun.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. "Àwọn èèyàn rò pé ọ̀dà ń bo nǹkan mọ́lẹ̀," ló máa ń wí. "Irọ́ ni. Ọ̀dà ń tú àṣírí ni. Ibi tó bá kòtò bí ojú abẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ bá fín ọ̀dà sí i, á dà bíi kànga. Béèyàn bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀." Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò fẹ́ rí ìfun èèrà. Mọ́tò wọn ni wọ́n fẹ́ rí.

Nígbà tó ń fi sánpépà họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó bá àwọ̀ mẹ́rin lórí ara wọn bí ewé àlùbọ́sà. Dúdú wà lókè. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Búlúù wà lábẹ́ dúdú. Ìyá dókítà eyín ló ní kí wọ́n kùn ún bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Lábẹ́ búlúù, ó bá funfun.

"Funfun?" ni dókítà eyín wí. "Mọ́tò yìí ò funfun rí."

Bàbá Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Bàbá?"

"Ìgbà tí ìyá rẹ lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ ni mo pàdé igi yẹn. Ọ̀dà funfun ni pẹ́ńtà ìgbà náà ní nílẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn nígbà tí wọ́n dé?"

"Mo ní oòrùn ló ṣá a."

"Wọ́n sì gbà?"

"Oṣù mẹ́jọ," ni bàbá wí, pẹ̀lú ìgbéraga. "Ó ń fi aṣọ bò ó lójoojúmọ́ kó má bàa ṣá sí i."

Ó-Kù-Díẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí agolo pọ́tì tí wọ́n fi ń dí kòtò ara mọ́tò. Ìdérí rẹ̀ kò sí lórí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi bọ́ ṣòkòtò náà kúrò lára rẹ̀.

Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ ńlá. Ó máa ń da omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sín níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sín gbọ́dọ̀ sáré ré òpópónà kọjá. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń yẹ ṣọ́ọ̀bù wò yọjú lọ́jọ́ kan, nínú kóòtù dúdú, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ dúró síbẹ̀!" ni Ó-Kù-Díẹ̀ kígbe. "Eruku!"

Ó mú aṣọ tó ń lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kó eruku kúrò lára mọ́tò, ó fi nu ọkùnrin náà láti orí dé bàtà. "Ẹ gbé apá sókè. Ẹ yí padà. Ẹ di ojú." Ọkùnrin náà di ojú. Ó nu ìpéǹpéjú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà buwọ́ lu ìwé láì béèrè nǹkan kan, ó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá nínú kóòtù kan náà, ó ní wọ́n fẹ́ gbé òun ga níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè tún òun nù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dókítà eyín rí i gbá mú lórí ilẹ̀ tirẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú eyín. Èèkẹ́ Ó-Kù-Díẹ̀ ti wú bíi pé ẹyin wà níbẹ̀. Bàbá Rélùwéè ló fi ọ̀pá lé e dé orí àga.

"Dókítà, kí lẹ máa fi dí i?"

Ó fi hàn án.

"Ẹ máa kọ́kọ́ họ ọ́ kan ibi tó yè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ máa jẹ́ kó gbẹ?"

"Ẹ la ẹnu."

"Ẹ máa rá a títí táá fi dán?"

"Bàbá, ẹ la ẹnu!"

Iṣẹ́ náà gba ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó gbọ́ iye àsìkò náà, Ó-Kù-Díẹ̀ mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ ọ̀rẹ́ fún. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. "Ó ga," ló wí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan, ó lé e lọ. Ó padà lọ́jọ́ kẹta. "Dókítà, ó ga níbí. Bí ìdajì irun orí." Ó fi pépà aláró sí i lẹ́nu, irú èyí tí ń fi ibi tí eyín ti ń kanra hàn, ó ní kó gé e jẹ. Àmì búlúù kékeré kan wà lórí eyín náà. Ó ga. Ìdajì irun orí ni.

Ó rá a kúrò.

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ni Ó-Kù-Díẹ̀ wí. "Ẹ mọ iṣẹ́ o. Ó kàn kù díẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń yẹ gbogbo eyín tó bá dí wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń bínú sí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́fà pé. Bàbá Rélùwéè kò kú. Ó ti di ìṣe rẹ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Á jókòó sórí àga onírin, á máa ka ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde ketekete, Ó-Kù-Díẹ̀ á máa rá ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n á jọ máa dá àwọn ènìyàn inú ìròyìn lẹ́bi. Bàbá kò yé pariwo. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé kí n sọ fún ikú pé kó jókòó dè mí ni?" "Ẹ sọ fún un, Bàbá. Ẹ ní ó kù díẹ̀." Dókítà tó sọ oṣù mẹ́fà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ní ọdún kejì, ó dúró, ó tún bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà rèé?"

"Pẹ́ńtà ló dá mi dúró," ni Bàbá Rélùwéè wí, ó sì kọjá lọ.

Ní ọdún kẹrin, sùúrù dókítà eyín tán. Ó gbé ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń gbé e lọ fún pẹ́ńtà mìíràn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kíákíá.

"Ọ̀sẹ̀ kan," ni Ó-Kù-Díẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Rárá."

"Ọjọ́ márùn-ún."

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n ṣe é fún wọn. Bàbá mi ń kú lọ!"

Ó-Kù-Díẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá Rélùwéè ti jẹ odindi búrẹ́dì kan tán, ó ń fi ọ̀pá na awakọ̀ tó wá wọ́ mọ́tò lẹ́sẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn.

"Wọ́n ń kú lọ síbo?" ni Ó-Kù-Díẹ̀ béèrè.

Ó bú u. Ó bú u bí ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó ní ọ̀lẹ ni, ó ní òfo lásán ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ọkùnrin tí kò lè parí nǹkan kò yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ó ní tí bàbá òun bá kú láìjókòó sínú mọ́tò yẹn, òun kò ní í gbàgbé orúkọ rẹ̀ láéláé. Ọkùnrin náà dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa aṣọ sílíìkì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Rélùwéè ní kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Mọ́tò kò kúrò nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ó-Kù-Díẹ̀ jẹun ọ̀sán, ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò láti sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí màdígáàdì iwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó parí nǹkan lójijì.

Ẹ̀rù ba káfíńtà tí wọ́n gbé iṣẹ́ pósí rẹ̀ fún débi pé ó rá igi náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyàwó olóògbé fọwọ́ ra ìdérí rẹ̀, ó ní kó tún igun òsì ṣe. Káfíńtà kò jiyàn. Ó sọ fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ìyàwó ni òun bẹ̀rù, pé òun kò kàn fẹ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ dìde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, dókítà eyín lọ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ opó náà. Ó ti múra ọ̀rọ̀ tútù méjì mẹ́ta sílẹ̀. Obìnrin náà fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ní, "Ó kúkú ti ṣe tán láti ọdún méjì sẹ́yìn."

"Kí ló ti ṣe tán, Mà?"

"Mọ́tò yín. Ọ̀dà ìyeyè nìkan ló kù kí wọ́n fín sí i. Ṣé ẹ rí gbogbo sánpépà tí ọkọ mi fi ń rá a ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn? Kò sí yanrìn lórí ẹ̀ mọ́. Pépà lásán ni. Wọ́n kàn ń pa á lára ni, bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ."

Dókítà eyín jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Wọ́n ní àwọn ti kun mọ́tò fún àgbà mẹ́ta rí tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún un," ni opó náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò lo oṣù kan mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ń retí nǹkan kì í ráyè kú. Wọ́n ní, 'Bàbá Rélùwéè yìí, mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n rí mọ́tò wọn gbà.'"

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin dókítà, tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ ò ní í gbà."

"Mo bú wọn, Mà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bú wọn."

"Wọ́n mọ̀ o. Wọ́n á délé, wọ́n á sọ ọ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú. "Wọ́n ní ẹ mọ èèyàn bú. Wọ́n ní ó dán, kò sí ibi tó ga, kò sí ibi tó kòtò."

Wọ́n pe Kíákíá. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti ariwo rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ariwo náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ rìn dé ìdí mọ́tò, ó fọwọ́ rìn padà. "Mi ò rí irú èyí rí," ló wí. "Kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún mi. Lọ́la ni mo máa fín in."

"Ẹ má kánjú," ni dókítà eyín wí. Ohùn ara rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìka kan ibì kan lára ilẹ̀kùn. "Ibí yìí ga."

"Mà, kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Ẹ tún un rá."

Kíákíá tún un rá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní búùtù kò tẹ́jú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní àwọ̀ ìyeyè tó wà nínú agolo kò jọ ìyeyè tó, ó jọ ọsàn. Kíákíá, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún, lọ ké sí Bàbá Rélùwéè.

Bàbá dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo mọ́tò, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí opó náà sọ, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga onírin.

"Ọmọ mi, àádọ́rùn-ún ọdún ni mí. Mo ti wa ọkọ̀ dé ìparí irin lọ́pọ̀ ìgbà. Ìparí irin kì í dẹ́rù bani, téèyàn bá ti gbádùn ojú ọ̀nà. Sọ fún un kó fín in."

Ó fẹ́ jiyàn. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, èyí tó wà lókè ẹnu rẹ̀ lóòótọ́, ó sì rí i pé kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Ó kọjú sí Kíákíá. "Ẹ fín in," ló wí.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ kó gbẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọkùnrin méjì gbé Bàbá Rélùwéè sọ̀ kalẹ̀ sínú mọ́tò náà bí ẹni ń gbé ẹyin sínú agbọ̀n. Ara mọ́tò ń dán débi pé ẹyẹ kan tó fẹ́ bà lé e rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fò lọ pẹ̀lú ìtìjú. Dókítà eyín bẹ̀rẹ̀ sí í wà á.  Bàbá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára láti ìta.

"Olè ni ọkùnrin yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Bàbá! Ẹni tó ti kú."

"Olè paraku ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ló jí. Mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó ti jí i. Ó kàn ń kó o fún mi ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá níṣẹ́."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan fun fèrè lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, ṣé kí n yára díẹ̀?"

Ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ ní ibùdó láyé rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó fi kí ọkọ̀ akẹ́rù náà bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́. "Ta ló ń lé wa? Rọra."

Ó rọra. Dókítà eyín, tí kì í dárí ji ẹnikẹ́ni, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì wa mọ́tò asáré náà lọ lẹ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ láàárín ìlú, bí ìgbà téèyàn bá ń sin àlejò pàtàkì sọ́nà.